Owó ibodè tí ilé-ẹjọ́ wọ́gi lé: bí ẹ ṣe lè gba tiyín padà ní Amẹ́ríkà

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan wà ní Houston tó ń kó òrí àti ọṣẹ dúdú wọlé láti Ṣakí. Lọ́jọ́ tí ìròyìn jáde pé Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà ti wọ́gi lé owó ibodè tí Ààrẹ Trump gbé lé ọjà ilẹ̀ òkèèrè, oorun ò tíì dá lójú mi tó fi pè mí. "Ṣé wọ́n máa dá owó mi padà, àbí ó ti wọgbó nìyẹn?" Mo ní wọ́n máa dá a padà, àmọ́ wọn ò ní gbé e wá bá a nílé. Ó ní kí n máa bọ̀. Nígbà tí mo débẹ̀, páálí ìwé kan ló gbé ka iwájú mi lórí tábìlì nílé ìdáná: rìsíìtì, ìwé ọkọ̀ òkun, bébà àwọn tó ń fi bàálù kó ẹrù, gbogbo rẹ̀ ló ń ta òórùn òrí. Inú páálí yẹn ni mo ti kọ́ ọ̀pọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ kọ síbí. Ìṣirò owó ni iṣẹ́ mi, n kì í ṣe lọ́yà. Ẹni tí owó tirẹ̀ bá pọ̀, kó wá lọ́yà tó mọ òfin ibodè.

Ẹ kọ́kọ́ mọ owó tí ọ̀rọ̀ yìí kàn

Ìdájọ́ náà jáde ní 20 oṣù kejì ọdún 2026, nínú ẹjọ́ Learning Resources v. Trump. Adájọ́ 6 ló fọwọ́ sí i, 3 ò fọwọ́ sí i. Ohun tí wọ́n sọ ni pé òfin IEEPA, tí wọ́n ṣe lọ́dún 1977 nítorí ọ̀rọ̀ pàjáwìrì, kò fún ààrẹ lágbára láti bu owó ibodè lé ọjà. Wọn ò sọ bí owó tó ti wọ àpò ìjọba yóò ṣe jáde. Ilé-ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó ibodè ní New York, Court of International Trade, ni iṣẹ́ yẹn já lé léjìká.

Nítorí náà, owó tí wọ́n fi IEEPA gbà nìkan ló ń padà. Nínú wọn ni èyí tí wọ́n gbé lé ọjà China ní oṣù kejì ọdún 2025 àti ti Canada àti Mexico ní oṣù kẹta, tí wọ́n ní torí oògùn fentanyl ni. Èyí tí wọ́n gbé lé ọjà gbogbo ayé láti 5 oṣù kẹrin ọdún 2025 wà níbẹ̀. Ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n tún gbé lé Brazil láti 6 oṣù kẹjọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, torí náà kí àwọn tó ń kó nǹkan òrìṣà àti ìlẹ̀kẹ̀ wọlé láti Bahia tẹ́tí sílẹ̀.

Ti Nàìjíríà ló yẹ kí n tú fínnífínní. Láti 5 oṣù kẹrin ọdún 2025, 10% ni. Ẹ rántí pé 14% ni wọ́n kọ́kọ́ kéde, kí wọ́n tó dá a dúró. Láti 7 oṣù kẹjọ, ó di 15%. Ọjà Benin àti Togo wà lórí 10% ní tiwọn. Ibí yìí ni àwọn kan ti ń ṣì í. Ibi tí wọ́n ti ṣe ọjà ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo èbúté tó gbà jáde. Òrí Ṣakí tó bá gba Kùtọnu wọ ọkọ̀, ọjà Nàìjíríà ni. Àwọn oúnjẹ kan, bíi kòkó àti kọfí, bọ́ kúrò lábẹ́ owó náà láti àárín oṣù kọkànlá ọdún 2025, nítorí náà ẹni tó kó irú wọn wọlé lẹ́yìn ìgbà náà lè má san kọ́bọ̀ nínú rẹ̀.

Owó tí kò kàn: ti irin, alumíníọ̀mù àti ọkọ̀ tí wọ́n gbà lábẹ́ òfin Section 232, ti ọjà China lábẹ́ Section 301, àti owó ibodè àtijọ́ tó ti wà lórí ọjà kálukú láti ọjọ́ tó ti pẹ́. CBP, ìyẹn àjọ aṣọ́bodè Amẹ́ríkà, dáwọ́ gbígba owó IEEPA dúró ní 24 oṣù kejì ọdún 2026. Lọ́jọ́ náà gan-an ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ 10% mìíràn lábẹ́ Section 122. Ẹ má kó ìyẹn mọ́ ọn, ìdájọ́ yìí kò kàn án.

Orúkọ ta ló wà lórí ìwé?

Bí ẹ bá fẹ́ fo gbogbo ìyókù, ẹ má fo ibí. Ẹni tí owó náà tọ́ sí ni ẹni tí ẹrù wọlé lórúkọ rẹ̀, tí ìwé wọn ń pè ní importer of record. Kì í ṣe ẹni tó lọ́jà, kì í ṣe ẹni tó fi owó ránṣẹ́, kì í sì í ṣe ẹni tó gbé e sínú ṣọ́ọ̀bù tà.

Ìwé tí ẹ ó wá ni fọ́ọ̀mù CBP 7501, ìwé tí wọ́n fi ń kọ ẹrù tó wọlé àti owó ibodè rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ lọ sí àpótí 26, ibẹ̀ ni orúkọ yẹn wà. Àpótí 25 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń sọ ẹni tí ẹrù ń lọ bá, ìyẹn ò sì fún èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ sí owó. Ẹ̀gbọ́n mi rí orúkọ ara rẹ̀ ní àpótí 25, ó pariwo "Mo ti rí i!" Mo ní kó fara balẹ̀, kó wo ọwọ́ kejì. Nínú ìwé 11 tí a yọ jáde nínú páálí yẹn, orúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní àpótí 26 lórí 7, ìyẹn àwọn ẹrù tó gba ojú omi wá. Àwọn 4 yòókù bá bàálù wá, orúkọ ilé-iṣẹ́ tó kó wọn ló sì wà níbẹ̀.

Ohun tó fà á rèé. Láti 29 oṣù kẹjọ ọdún 2025, wọ́n mú àǹfààní kúrò lára ẹrù kéékèèké tí iye rẹ̀ kò ju $800 lọ, èyí tó máa ń wọlé láìsan nǹkan kan tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ń fi bàálù kó ẹrù wá di ẹni tó ń bá oníbàárà san owó ibodè ná, tí wọ́n á sì wá gba owó náà àti owó iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Bó bá jẹ́ bí tiyín ṣe rí nìyẹn, ẹ ò lè lọ bá CBP fúnra yín. Ilé-iṣẹ́ tó kó ẹrù náà lẹ óò kọ̀wé sí: ẹ kọ nọ́ńbà tí wọ́n fi ń tọpa ẹrù, iye tí wọ́n gbà, ọjọ́ tí ẹ san án, kí ẹ sì bi wọ́n bóyá wọ́n ti bèèrè owó náà àti ọ̀nà tí wọ́n á gbà dá tiyín padà. Ẹ fi rìsíìtì tì í. Owó iṣẹ́ tí wọ́n gbà lórí rẹ̀ ní tiwọn kò sí nínú ohun tí CBP ń dá padà o.

Bí ẹ bá sì jẹ́ ẹni tó ń ra ọjà lọ́wọ́ alágbàtà tó kó o wọlé, tó kàn fi owó ibodè kún iye ọjà, àárín ẹ̀yin àti òun lọ̀rọ̀ wà. Ẹ wo ohun tí ìwé àdéhùn yín sọ.

Ẹ ṣí àkáǹtì ACE, kí ẹ sì so báńkì mọ́ ọn

ACE ni ojúlé CBP lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí gbogbo àkọsílẹ̀ ẹrù wà. Ọ̀fẹ́ ni ṣíṣí i. Nọ́ńbà tí ilé-iṣẹ́ yín fi ń san owó orí, EIN, ni wọ́n sábà máa ń fi dá yín mọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà lórí 7501 mu. Ẹlòmíì á ti kó ẹrù àkọ́kọ́ wọlé pẹ̀lú SSN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti ara rẹ̀, kó tó forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni méjì lẹ jẹ́ lójú CBP, ẹ má gbàgbé ìyẹn.

Láti 6 oṣù kejì ọdún 2026 ni CBP ti pa fífi sọ̀wédowó ránṣẹ́ tì. Inú báńkì ni owó ń wọ̀ tààrà báyìí, nípasẹ̀ ACH, báńkì náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti Amẹ́ríkà. Inú ACE náà ni ẹ ti máa kọ nọ́ńbà báńkì yín sílẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ pé Èkó ló wà, tó kó ẹrù wọlé lórúkọ ara rẹ̀ láti ọ̀hún, tí kò sì ní báńkì níbí, lè fi fọ́ọ̀mù CBP 4811 yan ẹlòmíì tí yóò bá a gba owó. Kó yan ẹni tó lè fọkàn tán. Ẹ ṣe iṣẹ́ báńkì yìí kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn, torí mo ti rí ẹni tí gbogbo ìwé rẹ̀ pé pérépéré, tí owó ò sì rí ibi wọlé.

Ẹ ṣírò iye tó jẹ́ tiyín

Nínú ACE, ìròyìn kan wà tí wọ́n ń pè ní ES-003. Ó ń to ẹrù kọ̀ọ̀kan lẹ́sẹẹsẹ pẹ̀lú nọ́ńbà owó ibodè tí wọ́n fi gbà á. Ẹ fà á jáde láti oṣù kejì ọdún 2025 títí di oṣù kejì ọdún 2026, kí ẹ wá gbogbo ìlà tí nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 9903.01 tàbí 9903.02. Àwọn ìlà wọ̀nyẹn ni ẹ óò yẹ̀ wò, ìbẹ̀ ni owó IEEPA wà. Bí ẹ ò bá tíì ní ACE, ẹ lè rí nọ́ńbà kan náà lórí 7501, ní àpótí 29.

Ká ní adìrẹ tí wọ́n ti rán tí iye rẹ̀ jẹ́ $12,000 wọlé láti Abẹ́òkúta ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, lójú omi. Lórí ìwé, ẹ óò rí owó ibodè aṣọ gan-an, ẹ óò rí 15% ti IEEPA tó jẹ́ $1,800, ẹ óò rí MPF, owó tí CBP ń gbà lórí iṣẹ́ ìwé ẹrù, tí í ṣe 0.3464%, ìyẹn $41.57, ẹ óò sì rí owó èbúté HMF, 0.125%, $15. $1,800 yẹn nìkan ló ń bọ̀, pẹ̀lú èlé. Ìyókù ti lọ. Òfin ló ní kí èlé wà níbẹ̀, láti ọjọ́ tí ẹ ti sanwó, torí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé èlé lòun fi ṣe owó iṣẹ́.

Ẹ kọ nọ́ńbà entry kọ̀ọ̀kan, ìyẹn nọ́ńbà ìwé tí ẹrù fi wọlé, sílẹ̀ bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Àmì 11 ni: 3 àkọ́kọ́ jẹ́ ti ẹni tó fi ìwé sílẹ̀, 7 tẹ̀ lé e, 1 sì kẹ́yìn tí kọ̀ǹpútà fi ń yẹ ìyókù wò. Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ kọ tirẹ̀ sínú ìwé àjákọ, ó sọ 0 di O lójú ẹsẹ̀. Ẹ dà á kọ láti inú ACE, ẹ má ṣe fojú kà á.

Ẹ ka ọjọ́

Bí CBP bá gba owó lọ́wọ́ èèyàn nígbà tí ẹrù wọlé, ìdógò ni wọ́n ṣì kà á sí. Ìgbà tí wọ́n bá ṣírò rẹ̀ tán, tí wọ́n pa ìwé náà dé, ni ó tó di àṣepé. Liquidation ni wọ́n ń pè é. Ó sábà máa ń tó nǹkan bí 314 ọjọ́ lẹ́yìn tí ẹrù wọlé. Ẹrù tó wọlé ní àárín oṣù kẹfà ọdún 2025, ìparí oṣù kẹrin ọdún 2026 ni ìwé rẹ̀ á máa dé. Inú ACE ni ẹ ti lè rí ọjọ́ yẹn fún ẹrù kọ̀ọ̀kan, òun sì ni yóò sọ ọ̀nà tí ẹ máa gbà. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi fi bírò mẹ́ta to tirẹ̀: aláwọ̀ ewé fún ìwé tí wọn ò tíì pa dé, aláwọ̀ búlúù fún èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa dé, pupa fún èyí tó ti pẹ́.

Ewé àti búlúù ló rọrùn jù. Ní oṣù kẹrin ọdún 2026, CBP ṣí ojú ọ̀nà kan sínú ACE tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ CAPE. Ìwé tí wọn ò tíì pa dé, àti èyí tí wọ́n pa dé láàárín 80 ọjọ́ sẹ́yìn, ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ óò kó nọ́ńbà entry yín sínú fáìlì CSV, irú èyí tí Excel lè ṣe, ẹ óò gbé e wọlé níbẹ̀, ẹ̀rọ á yọ owó IEEPA kúrò nínú ìṣirò, á sì tún un ṣe. Ẹni tí ẹrù wọlé lórúkọ rẹ̀ tàbí ejẹ́ǹtì ibodè tó fi ìwé ẹrù náà sílẹ̀ nígbà yẹn ló lè ṣe é. Ejẹ́ǹtì tuntun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí kò lè bá yín ṣe ti ẹrù tí ejẹ́ǹtì àtijọ́ fi sílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá ejẹ́ǹtì yín jà, ẹ mọ ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe: ẹ lo àkáǹtì ACE tiyín.

Kí ló dé tí 80 ọjọ́ yẹn fi wà? Òfin fún CBP ní 90 ọjọ́ láti tún ìwé tó ti dé ṣí fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ tiwọn náà ti di dídè, ẹ̀yin lẹ gbọ́dọ̀ ta kò ó.

Pupa ló ń fẹ́ ìtara. Láti ọjọ́ tí wọ́n pa ìwé dé, 180 ọjọ́ ni òfin fún yín láti fi ìwé àtakò sílẹ̀, protest, lórí fọ́ọ̀mù CBP 19 tàbí nínú ACE. Ẹ kọ nọ́ńbà entry, iye owó, kí ẹ sì sọ ní gbólóhùn kan tó ṣe kedere pé lábẹ́ IEEPA ni wọ́n gba owó náà, pé ilé-ẹjọ́ ti wọ́gi lé e nínú Learning Resources v. Trump. Ẹ lè to entry púpọ̀ pọ̀ sójú ìwé kan. Bí wọ́n bá pa ìwé dé ní 24 oṣù kẹrin ọdún 2026, ọjọ́ tí ilẹ̀kùn á tì ni 21 oṣù kẹwàá. Mi ò mọ̀dí tí ẹnikẹ́ni fi máa dúró di ọjọ́ kẹyìn. Ọjọ́ tí wọ́n pa ìwé dé ni ẹ ń kà láti orí rẹ̀ o, kì í ṣe ọjọ́ tí ìdájọ́ jáde, kì í sì í ṣe ọjọ́ tí ẹ gbọ́ ìròyìn lórí WhatsApp.

Bí wọ́n bá kọ ìwé àtakò yín, 180 ọjọ́ mìíràn wà láti gbé ọ̀rọ̀ lọ sí Court of International Trade. Ọ̀nà kejì sí ilé-ẹjọ́ yẹn náà wà, lábẹ́ 28 U.S.C. 1581(i), tí òfin fún ní ọdún 2. Ilé-iṣẹ́ tó ti forúkọ sílẹ̀ kò lè ṣojú ara rẹ̀ níbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ gba lọ́yà. Fún ẹni tí gbogbo owó rẹ̀ kò ju $1,800 lọ, ká má tan ara wa, owó lọ́yà á jẹ ẹ́ tán. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pariwo 180 ọjọ́.

Àwọn tó ń kiri

Kò pẹ́ tí ìdájọ́ jáde tí ìpè bẹ̀rẹ̀ sí wọlé sórí fóònù ẹ̀gbọ́n mi. Ẹnì kan ní òun á fún un ní owó lójú ẹsẹ̀, kó sì fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ lé òun lọ́wọ́. Ríra irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìwà ọ̀daràn, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kan ti tà á nígbà tí wọn ò tíì mọ ibi tí ẹjọ́ á gbà. Àmọ́ ẹ bi ara yín pé ta ló ń jèrè, nígbà tí ìdájọ́ ti jáde tí ojú ọ̀nà sì ti ṣí. Òmíì ní kó fi $250 ránṣẹ́ kí "CBP" lè tú owó rẹ̀ sílẹ̀. CBP kì í gba owó kí wọ́n tó dá owó padà. Ẹni tó bá bi yín ní ọ̀rọ̀ ìwọlé ACE yín, ẹ pa fóònù.

Ejẹ́ǹtì tó bá bá yín ṣe iṣẹ́ yìí ní ẹ̀tọ́ láti gba owó, iṣẹ́ ló ṣe. Ẹ jẹ́ kó dá iye kan lé e lórí fáìlì, kó má ṣe gba ìdá nínú owó tó ń bọ̀. Fáìlì CSV tí nọ́ńbà 7 wà nínú rẹ̀ kò yẹ kó jẹ ìdá 20 owó ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí owó bá wọlé

CBP lè san owó entry púpọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà iye tí ẹ máa rí ní báńkì lè má bá ìlà kan ṣoṣo mu lórí ìṣirò yín. Ẹ kó o pọ̀, ẹ yọ èlé sọ́tọ̀, kí ẹ tó pariwo pé ó dín. Bí ilé-iṣẹ́ yín bá jẹ CBP ní gbèsè, wọ́n lè yọ ọ́ níbẹ̀. Ẹ sọ fún ẹni tó ń bá yín ṣe owó orí pẹ̀lú: bí ẹ bá ti ka owó ibodè yẹn mọ́ ìnáwó lọ́dún 2025, ìjọba lè ka èyí tó padà sí èrè, èlé rẹ̀ náà sì jẹ́ owó tó wọlé.

Nínú 7 tí ẹ̀gbọ́n mi gbé wọlé, ẹ̀rọ gba 6. Èyí tó kù, ejẹ́ǹtì ló kọ orílẹ̀-èdè tí ọjà ti wá sí Ghana. 15% náà ni wọ́n gbà, owó kò yàtọ̀, àmọ́ ìwé ò bá ìwé mu, ejẹ́ǹtì náà ló sì gbọ́dọ̀ tún un kọ kí a tó gbé e padà. Ẹ̀gbọ́n mi ti pè é lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ yìí. Àwọn 4 tó bá bàálù wá, a ti kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà, a sì fi rìsíìtì tì í, títí kan èyí tí òrí yí lára.